YÀRÀ TÓ YÍ ẸNU GÌTÁ BÀBÁ MI KÁ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ó pẹ́ tí mo ti mọ òwe yìí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì, mo ti tú u palẹ̀ sórí ìwé, mo sì ti fi gba máàkì nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ìgbà ìsinmi tó kọjá, nílé wa ní Ìwàré, ni òwe náà tó yé mi dénú. Ọjọ́ tí mo gbé ọ̀bẹ lé àyà gìtá bàbá mi ni.

Ẹ̀yin olùkàwé mi, ẹ má ṣe rò pé mo fẹ́ pa ẹ̀kọ́ Yorùbá tì kí n lọ di kàfíńtà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ọ̀rọ̀ èdè tó kó wa jọ sínú ẹgbẹ́ yìí.

Ìwàré jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, àwa àti Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n bá ti jẹun tán, wọn a gbé àga síta, wọn a sì gbé gìtá lé itan. Gìtá náà kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Kàfíńtà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ní Fìdítì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án kí wọ́n tó bí mi. Igi arère ló fi ṣe àyà rẹ̀, ó fi ọ̀gànwó ṣe ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn rẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa yí ẹnu rẹ̀ ká, níbi tí ohùn ti ń jáde. Ọ̀dà náà ti ṣí nígbà tí mo fi mọ gìtá náà. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi ló nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan, àwọn yóò fi eegun funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí àyíká ẹnu rẹ̀, irú èyí tí ọ̀dà kò sí nínú rẹ̀, tí ọwọ́ kò lè nù kúrò. Ọjọ́ náà kò dé tí wọ́n fi sùn. Màmá mi fi aṣọ òfì wé gìtá náà, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri nínú yàrá wọn. Nígbà tí ìrántí ọdún kejì ń bọ̀, àbúrò bàbá mi sọ pé òun yóò ta gìtá náà lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo lọ bá màmá mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ọ̀ṣọ́ tí bàbá mi kò rí àyè ṣe.

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwòrán bàbá rẹ tó wà nílé yìí kò pọ̀. Gìtá yìí ni mo fi ń rí wọn. Bí ọwọ́ rẹ kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Mo ní, "Màmá, ọwọ́ mi dá mi lójú." Irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Kì í ṣe pé a ó kàn lẹ eegun mọ́ ojú igi. A ó kọ́kọ́ gbẹ́ yàrà tóóró yí ẹnu gìtá ká, a ó wá to eegun sínú yàrà náà títí tí ojú eegun àti ojú igi yóò fi dọ́gba, tí ọwọ́ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Àyà gìtá bàbá mi kò nípọn ju mìlímítà 3 lọ. Yàrà tí mo fẹ́ gbẹ́ yóò fẹ̀ tó mìlímítà 3, kò sì gbọdọ̀ jìn ju mìlímítà 1 àtààbọ̀ lọ. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, àyà gìtá lè là. Bí etí yàrà náà bá sì ṣán, gbogbo ayé ni yóò máa rí i.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Sípéènì, Antonio de Torres, ẹni tí wọ́n bí ní 1817, tó sì kú ní 1892, ṣe ọ̀ṣọ́ sí ẹnu gìtá lọ́nà tí àwọn tó ń kan gìtá ń wò títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Martin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá tí wọ́n ń pè ní Style 45 ní 1904. Ìkarahun òkun tó ń kọ mànà ni wọ́n tò sí ẹnu àti etí rẹ̀ yíká. Àwọn tiwa náà mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹ rántí ìbòjú eyín erin ti Ìyá Ọba Idia ti Ìbíní, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọ̀rúndún 16, tí wọ́n sì fi ṣe àmì FESTAC ní Èkó ní 1977. Ilà méjì tó wà níwájú orí rẹ̀, irin ni wọ́n tẹ̀ bọ inú eyín erin náà. Ẹni tó ṣe é ti ní láti gbẹ́ yàrà fún irin náà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́. Mo máa ń ronú nípa irinṣẹ́ tó dì mú lọ́wọ́.

Irinṣẹ́ ni ìṣòro tèmi náà. Èwo ni kí n mú?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kan àga ní Ìlọrà ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́. Irin tóóró kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń yí ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan gìtá lókè òkun ń lò lónìí, iṣẹ́ wọn sì dára. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, o ti ṣe tán." Mo dúpẹ́ pé ara pákó arère tó ti ṣẹ́kù ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí ẹ̀rọ náà ṣe kan igi ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ mi síbi tó wù ú. Níbi tí mo bá ti dúró díẹ̀, igi a dúdú, òórùn jíjó a sì bo imú. Kí n tó yí i dé ìdajì, iná lọ. Mo gbàgbé láti pa ẹ̀rọ náà, mo gbé e lé orí pákó, mo ń gbá ekuru kúrò. Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀rọ náà fò sókè bí ọ̀bọ, ó sì sáré gba àárín pákó kọjá. Ó fi ilà kan sílẹ̀ tó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ. Mo wo ilà náà, mo ronú kan àyà gìtá bàbá mi, òógùn tútù bò mí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò yóò ti kan ohun tí yóò máa darí rẹ̀, yóò sì ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Èmi kò ní oṣù mélòó kan, mo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo wá mú ṣísẹ́ẹ̀lì kàfíńtà àti òòlù. Ìyẹn náà kò gbè mí. Igi arère fúyẹ́, ó sì rọ̀. Ṣísẹ́ẹ̀lì nípọn lẹ́yìn, nítorí náà bí mo bá ti kàn án lórí, ẹ̀yìn rẹ̀ a ti igi sọ́tùn-ún sósì, etí yàrà a sì rún. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ṣísẹ́ẹ̀lì tọ́ gbọnrangandan, yàrà mi sì rí róbótó. Ohun tó tọ́ kò lè tẹ̀lé ohun tó yí, àfi bí a bá ń bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ba pákó mẹ́rin jẹ́ kí n tó gbà fún Ọlọ́run.

Màmá mi ló rán mi létí àbúrò bàbá wọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí a bá ń sọ̀rọ̀ igbá fínfín, Ọ̀yọ́ ni à ń tọ́ka sí. Ìgbà tí mo wà ní kékeré ni mo ti máa ń rí Bàbá àgbà tí wọ́n jókòó sórí ẹní, tí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ mú igbá, tí ọ̀bẹ wọn sì ń rìn lójú igbá bí ẹni ń kọ̀wé. N kò ronú rí pé iṣẹ́ wọn àti gìtá lè pàdé.

Mo kó àwọn pákó tí mo ti bàjẹ́ dání. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àjàní, ṣé àlàáfíà ni? Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Kí lo dì sápò bí ẹni tó jí iṣu?"

Mo tú àwọn pákó náà jáde, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n gba èyí tí mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ etí yàrà náà. Wọ́n ní, "Irin yìí kò gé igi, ó tẹ̀ ẹ́ pa ni." Wọ́n tún bi mí pé, "Bí wọ́n bá ní kí o wa yàrà yí ilé ká, ṣé àárín ni wàá ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Màá kọ́kọ́ pààlà."

"Ó dáa. Pààlà lápá ọ̀tún, pààlà lápá òsì. Ohun tó wà láàárín kò ní í sá lọ."

Wọ́n tú aṣọ kan tí wọ́n fi di ọ̀bẹ wọn. Mẹ́ta ni, alágbẹ̀dẹ ló rọ wọ́n, èyí tó gùn jù nínú wọn kò sì tó ìka ọwọ́ mi. Wọ́n mú èyí tó kéré jù, tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kan lójú pákó arère náà. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún fà á lójú ipa kan náà, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Mo tẹjú mọ́ ọn: etí rẹ̀ dán, ó mọ́, kò ṣán níbì kankan. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀bẹ náà tínrín, ó sì ti gé irun igi kí ohunkóhun tó tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ fi ọ̀bẹ kan náà kó igi àárín jáde, Bàbá gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ààlà ni à ń fín, àárín ni à ń gbẹ́."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí n kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ọdún kẹta mi rè é tí mò ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. Mo mọ̀ pé à ń gbẹ́ ère, à ń fín igbá, à ń kọ ilà. Tí wọ́n bá bi mí léèrè ìyàtọ̀ wọn tẹ́lẹ̀, màá ní àṣà ìsọ̀rọ̀ ni, pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe yan ọ̀rọ̀-orúkọ tirẹ̀ nìyẹn. Irinṣẹ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbẹ́ ni kí a mú nǹkan kúrò kí àyè tàbí ìrísí lè wà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbẹ́ kòtò, tí a sì ń gbẹ́ igi. Fínfín ní tirẹ̀, ohun tó ti ní ìrísí tẹ́lẹ̀ ni à ń ṣe é sí lójú. Igbá ti di igbá kí a tó fín in. Ọ̀kan ń fẹ́ irin tó lè kó nǹkan jáde, èkejì ń fẹ́ irin tó lè fa ilà. Èmi ń wá irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò ṣe iṣẹ́ méjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdáhùn náà wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò mọ̀.

Nígbà tí mo padà dé yunifásítì, mo tún ìwé Kevin Carroll kà, *Yoruba Religious Carving*, tó jáde ní 1967. Níbẹ̀ ni ó ti to ìpele iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Fínfín ló kẹ́yìn, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ní ti yàrà gìtá, ó yí padà: fínfín ló ṣáájú, gbígbẹ́ ló tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kò kúrò lórí ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀.

Bàbá yá mi ní ọ̀bẹ kékeré náà. Fún àárín yàrà, alágbẹ̀dẹ fi àjákù ayùn tí wọ́n fi ń gé irin ṣe ṣísẹ́ẹ̀lì tóóró kan fún mi, tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ, mo sì lọ̀ ọ́ lójú òkúta títí ó fi fá irun apá mi. Mo ra eegun àti ìwo màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà. Mo se eegun náà kí ọ̀rá inú rẹ̀ lè jáde, mo sá a, mo rẹ́ ẹ. Eegun kò ṣe é tẹ̀ róbótó, nítorí náà mo gé e ní wẹ́wẹ́, 20 eegun funfun, 20 ìwo dúdú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 1, mo sì fi fáìlì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n lè tẹ̀lé òbìrípo náà.

Ìṣòro kan ṣì kù. Ẹni tó bá fẹ́ fa òbìrípo gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò kan ìṣó mọ́ láàárín, àárín ẹnu gìtá sì rèé, ihò ni. Mo gé pákó róbótó kan tó há sí ẹnu gìtá gẹ́gẹ́, mo fi igi gbè é lábẹ́ láti inú, mo wá kan ìṣó sí àárín rẹ̀. Mo lu igi pẹlẹbẹ kan ní ihò méjì, mo fi ìṣó sí ihò kìíní, mo fi ẹnu ọ̀bẹ sí ìkejì, ní sẹ̀ǹtímítà 6 síra wọn. Bí mo bá ń yí igi náà, ọ̀bẹ kò lè ṣìnà. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Bàbá ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní, "Igi ní irun bí ẹran. Bí o bá pa á lẹ́yìn bó ṣe sùn, á sùn. Bí o bá pa á lódì, á dìde." Nínú òbìrípo kan, ìgbà mẹ́rin ni irun igi ń yí padà mọ́ ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ìdá mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ pín in sí, kí a sì fa ìdá kọ̀ọ̀kan láti ibi tí irun náà yóò fi sùn. Mo ṣe ìdá kìíní bẹ́ẹ̀, mo ṣe ìkejì. Nígbà tí mo dé ìdá kẹta, ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo sì ti ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé ìdáná. Mo ní kí n má wulẹ̀ yí gìtá padà mọ́. Mo fà á lódì.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ó dún tín-ín. Igi tó tó hóró ìrẹsì kan ti ṣí kúrò lẹ́yìn ààlà, ó nà sókè.

N kò lè sọ bó ti pẹ́ tó tí mo fi jókòó. Mo ti ẹyọ igi náà padà sáyè rẹ̀, mo fi àtè kàfíńtà lẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ bo gìtá, mo sì sọ fún màmá mi pé ebi kò pa mí. Lọ́jọ́ kejì mo parí ààlà, mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì tóóró kó àárín jáde, ní wẹ́wẹ́, ní wẹ́wẹ́, títí yàrà náà fi jìn dé ibi tí mo fẹ́. Mo to eegun àti ìwo sínú rẹ̀, funfun, dúdú, funfun, dúdú. Nígbà tí àtè gbẹ, mo fi fáìlì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo sì fi ewé ipin kùn ún títí ó fi dán. Ó lẹ́wà lójú mi. Ṣùgbọ́n àpá náà ò lọ. Ẹni tí kò mọ̀ lè má rí i. Èmi kò rí ohun mìíràn.

Mo lè fi ọ̀dà díẹ̀ bò ó. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé gìtá náà lọ bá màmá mi, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ìka tọ́ka sí i. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ mi kò dá mi lójú lọ́jọ́ tí ẹ bi mí."

Wọ́n gbé gìtá náà sún mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n fi ìka tọ eegun náà yíká, wọ́n dé ibi àpá náà, wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n yí gìtá dojú bolẹ̀. Wọ́n fi ibì kan tó dúdú hàn mí ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí mo ti ń rò láti kékeré pé kókó igi ni. Wọ́n ní, "Àbẹ́là ni bàbá rẹ gbé sún mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ta á fún ọ kí o lè sùn. Wọ́n bẹ̀ mí kí n má sọ fún kàfíńtà wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. "Tìrẹ náà rè é."

Lọ́jọ́ ìrántí, àbúrò bàbá mi ta gìtá náà títí di òru. Kí n má purọ́, ọ̀ṣọ́ kò mú ohùn rẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bó ṣe ń dún nígbà ayé bàbá mi náà ló dún, ohun tí gbogbo wa sì fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Mo fi ọ̀rọ̀ kan bẹ̀ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. Nígbà tí ẹ bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ má ṣe dúró sí ilé ìkàwé nìkan. Ẹ lọ jókòó ti àwọn tó ń fín igbá, tó ń gbẹ́ igi, tó ń rọ irin. Ẹ má kàn bi wọ́n ní orúkọ nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n gbé irinṣẹ́ náà lé yín lọ́wọ́. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá àgbà, kò sí ẹni tó ń fín igbá mọ́. Bí ọ̀bẹ mẹ́ta yẹn bá dógùn-ún, mo bẹ̀rù pé "fín" yóò di ọ̀rọ̀ tí a kàn ń túmọ̀ nínú ìdánwò.

Nígbà tí mo lọ dá ọ̀bẹ padà, Bàbá kò gbà á. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ, kí n ṣáà má jẹ́ kó kú. Ó wà lórí tábìlì mi báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ̀ ọ́.